Ọmọ Ilé-Kéwú àti Iṣẹ́ Oṣù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ìjà ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ wa ni.

Ọmọ a máa lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé-kéwú. Yóò ka Àlùkùránì já, yóò mọ èdè Lárúbáwá dáradára, yóò sì mọ òfin ogún pípín, èyí tí ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. A ó ṣe wòlímọ̀, a ó pa màlúù, ìlù yóò sì dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dé ọ́fíìsì, wọn yóò bi í pé: “Ìwé mẹ́wàá rẹ dà?” Wọn yóò bèèrè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń pin sí.

Kí ni yóò wá jẹ? Sàráà ìsọmọlórúkọ àti ti òkú ni. Alùfáà tí ó sì ń dúró de sàráà kí ó tó jẹun, báwo ni yóò ti ṣe sọ òtítọ́ fún olówó?

Àwọn kan wí pé Gẹ̀ẹ́sì yóò ba ẹ̀sìn ọmọ jẹ́. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí láyé àtijọ́, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò jókòó lásán. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923, a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, ó sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ní 1952, Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó sì to ẹ̀kọ́ kéwú sí kíláàsì àti ìwé-ẹ̀rí. Ta ni yóò wí pé àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ràn ẹ̀sìn?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé kòkó kékeré kò fẹ́ oòrùn gangan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni í ṣíji bò ó, òun náà ni í sì bọ́ àgbẹ̀ títí kòkó yóò fi so. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó yẹ kí a gbìn sáàárín kéwú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí ẹ̀yin òbí bù nínú owó wòlímọ̀ láti fi gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìṣirò sí ilé-kéwú àdúgbò yín. Èkejì, kí àwọn ọ̀gá ilé-kéwú múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbìmọ̀ NBAIS tí ó wà ní Kàdúná, nítorí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lè mú ọmọ wọ yunifásítì. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ má ṣe ka ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá sí púrúǹtù.

Ìmọ̀ kò tíì wọ́n wa rí. Ilẹ̀kùn ni a kò ṣí fún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i.