Àwòrán Kòkòrò, Ẹ̀rí Ni: Ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn Lójú Kámẹ́rà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba níbi ṣíṣí àfihàn àwòrán kòkòrò

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi tẹ̀ ba àpótí kòkòrò.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ àwòrán kòkòrò dunjú ló pọ̀ níbí. Ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn ni gbogbo kòkòrò tí ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ti di èèpo líle, tó bo ìyẹ́ tó fi ń fò mọ́lẹ̀. Yímíyímí wà lára wọn. Kòkòrò inú ẹ̀wà wà lára wọn. Ìtun tí àwọn ará wa ń dín jẹ, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ tó nǹkan bí 400,000. Àwòrán ìtòsí ni èyí tí kòkòrò fi hàn lójú fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi gan-an, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkú kòkòrò tí a fi abẹ́rẹ́ gún, tó gbẹ, tí ìwé pélébé wà nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá yín sọ lónìí. Ìyẹn tó.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwòrán òkú kòkòrò, ẹ̀rí ni, bí a sì ti ń yẹ ẹ̀rí wò ló yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó sọ òótọ́ nípa kòkòrò tó wà lórí abẹ́rẹ́ yẹn? Bí ó bá sọ ọ́, mo gbà á. Bí kò bá sọ ọ́, ẹwà rẹ̀ kò lè gbà á là.

Ìjà lórí fọ́tò àtòléra

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bá irú wa jà lórí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní títẹ kan, fọ́tò kan. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, ayédèrú ni. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní focus stacking, tí èmi ń pè ní fọ́tò àtòléra. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí nínú ìpàdé, mo ti kà á nínú lẹ́tà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìyókù dúró.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ló dé tí a fi ń to fọ́tò léra? Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń mú nǹkan tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni apá tó mọ́ kedere nínú àwòrán ṣe ń fẹ́lẹ́ tó. Bí a bá ya kòkòrò ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi gan-an, tí a sì ṣí ihò lẹ́ǹsì sí f/8, ibi tó mọ́ kedere láti iwájú lọ sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Bí a bá mú un tóbi ní ìlọ́po 5, ó di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí a bá wá gbé lẹ́ǹsì maikirosíkópù onílọ́po 10 síwájú kámẹ́rà, ohun tó kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sísanra irun orí èèyàn lọ. Bí ojú kòkòrò bá mọ́, imú rẹ̀ ti di bàìbàì. Bí imú bá mọ́, a kò rí èjìká.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa á ní kí a kúkú dín ihò lẹ́ǹsì kù. A ti gbìyànjú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá a máa tàn ká, gbogbo àwòrán a sì di bàìbàì. Ní ìlọ́po 5, f/8 tí a kà lára lẹ́ǹsì ti ń ṣiṣẹ́ bí f/48. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, kò sì sí owó tó lè ra lẹ́ǹsì tó máa yí i padà. Nítorí náà, a gbé kámẹ́rà lé irin tó ń sún díẹ̀díẹ̀, a ń ya fọ́tò ní ìsún kọ̀ọ̀kan, a sì rí i dájú pé apá tó mọ́ nínú èyí bá apá tó mọ́ nínú èkejì pàdé. Lẹ́yìn náà ni ètò kọ̀ǹpútà bíi Zerene Stacker tàbí Helicon Focus yóò ṣa ibi tó mọ́ jọ. Kò sí ibi kan nínú àwòrán tó parí yẹn tí lẹ́ǹsì kò rí.

Ẹ wo iṣẹ́ Levon Biss, oníṣẹ́ fọ́tò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní ọdún 2016 ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun alààyè ti Yunifásítì Oxford. Microsculpture ni wọ́n pè é. Inú àpótí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni wọ́n ti ṣa àwọn kòkòrò náà, ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn sì pọ̀ nínú wọn. Biss pín kòkòrò kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí apá 30. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ó ti tọ́ sí i: ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ojú yàtọ̀ sí èyí tó yẹ ẹ̀yìn. Kámẹ́rà ń sún ní máíkírọ́ọ̀nù 10 láàárín fọ́tò kan sí èkejì. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi 75. Kí kòkòrò kan ṣoṣo tó parí, fọ́tò rẹ̀ ti ju 8,000 lọ. Wọ́n tẹ àwọn àwòrán náà tóbi dé mítà mẹ́ta, wọ́n sì gbé kòkòrò gangan, tí òmíràn kò tó èékánná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀.

Ibi tí àwọn alátakò ti gbá mi mú jù lọ nìyí. Wọ́n ní: ta ló rí kòkòrò rí tí ìmọ́lẹ̀ 30 tàn sí i lára ní oríṣi 30? Wọ́n ní Biss ṣẹ̀dá ohun tí kò sí láyé. Èmi dáhùn pé ẹ lọ ka Robert Hooke, ẹni tó fi maikirosíkópù wo kòkòrò. Ní ọdún 1665 ni ìwé rẹ̀, Micrographia, jáde. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ṣàlàyé pé òun kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán títí òun yóò fi wo nǹkan náà nínú oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ àti láti oríṣiríṣi ìhà. Ó ní ojú eṣinṣin a máa jọ àwọ̀n tí ihò kún inú rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibì kan wá, a sì máa jọ pátákó tí a kan ìṣó wúrà mọ́ bí oòrùn bá tàn sí i. Èwo nínú méjèèjì ni ojú eṣinṣin? Bí Hooke bá ti gba títẹ kan, fọ́tò kan gbọ́, irọ́ ni ì bá kọ fún wa, ì bá sì búra pé òótọ́ ni. Ó to ohun tó rí léra nínú ọpọlọ rẹ̀ kí ó tó fi kálàmù lé ìwé. Iṣẹ́ kan náà ni Biss fi irin àti kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan kámẹ́rà. Yíyà lọ́wọ́ ló kọ́ wa: dígí tó ń gbé ojú kòkòrò bọ́ sórí ìwé, yíǹkì dúdú, àti sùúrù. Ìdajì ọ̀tún nìkan ni a máa ń yà dáadáa. A ó wá yí i padà, a ó sì dà á kọ sí ìdajì òsì. Bí ẹsẹ̀ kòkòrò kan bá gé, a máa wo ẹsẹ̀ èkejì tó jẹ́ irú rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló kún inú ìwé ìmọ̀ kòkòrò láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tó pè é ní ayédèrú. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn tó gba àwòrán ọlọ́wọ́ yẹn láìbéèrè ni wọ́n ń fi ìbínú yẹ fọ́tò àtòléra wò, èyí tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ló ti ara kòkòrò kan ṣoṣo jáde.

N kò ní fi dù wọ́n níbi tí wọ́n ti jàre. Ètò kọ̀ǹpútà a máa ṣìṣe. Níbi tí irun méjì bá ti kọjá lórí ara wọn, ó lè mú kí èyí tó wà lẹ́yìn dà bí ẹni pé ó wà níwájú. Ó lè fi òrùka ìmọ́lẹ̀ yí etí ìwo ká. Bí tábìlì bá gbọ̀n, bóyá nítorí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé, irun kan a di méjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe pa àwọn fọ́tò ìpìlẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá ṣiyèméjì lórí irun kan gbọ́dọ̀ lè padà lọ wo fọ́tò tí irun náà ti wá.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ má bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àwòrán kan wá fún mi tó mọ́ roro. Kòkòrò náà pé, ìwo méjèèjì dọ́gba. Nígbà tí mo ṣí àpótí, ìwo kan ni mo bá lórí rẹ̀. Ọmọ náà ti gé ìwo òsì, ó dà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀tún, kò sì kọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Èyí ni ayédèrú. Nígbà tí àwa ń fi ọwọ́ yà á, a máa ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ibí yìí ni a fi èrò parí. Ohun tó pín òótọ́ àti irọ́ níyà nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, iye fọ́tò kò sì sí níbẹ̀. Ẹ pa eruku rẹ́ bí ẹ bá fẹ́, kò tiẹ̀ tó kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún kúrò kí a tó yà á. Ẹsẹ̀ tí kò sí, ẹ jẹ́ kí ó má sí.

Ìmọ́lẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé lẹ́ǹsì wo ni kí àwọn rà. Ẹ kọ́kọ́ bi mí nípa ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn ń dán bíi dígí. Bí fílááṣì bá tàn sí i tààrà, fílááṣì náà gan-an lẹ máa yà: àmì funfun kan láàárín, òkùnkùn yí i ká. Ẹ fi tírésìn pépà yí kòkòrò náà ká, tàbí ike yógọ́ọ̀tì funfun tí ẹ ti gé ìdí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ibi gbogbo rọra wọlé. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì ń ṣe ohun tí lẹ́ǹsì olówó ńlá kò lè ṣe.

Ìdí kan tún wà. Púpọ̀ nínú àwọ̀ wọn kì í ṣe aró. Ara èèpo náà ni a tò ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele wọ̀nyẹn ló ń dá àwọ̀ ewé tàbí ti wúrà padà sójú wa. Ní ọdún 1911, onímọ̀ físíìsì Albert Michelson ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn aláwọ̀ wúrà kan jáde ń yípo sí ìhà kan bó ṣe ń rìn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àsẹ́ pólárásì síwájú lẹ́ǹsì kí ó lè pa dídán gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kí ó má lọ pa àwọ̀ kòkòrò náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ya méjèèjì, kí ẹ sì kọ èyí tó jẹ́ èwo.

Ìwé ìdí abẹ́rẹ́

Mo ní láti yára níbí. Àwòrán tí kò ní ìlà ìwọ̀n, tí kò sọ ibi tí wọ́n ti mú kòkòrò, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ẹni tó mú un, kò ṣeé fi jẹ́rìí. Mo ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi fóònù ya kòkòrò inú àpótí, tí wọ́n ń gbé e káàkiri láìsí ìwé ìdí rẹ̀. Ẹ dẹ́kun ẹ̀. Ẹ ya ìwé náà pẹ̀lú, iwájú àti ẹ̀yìn.

Àwọn àpótí tiwa

Ní nǹkan bí ọdún 1766, òkú ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn ńlá kan tí wọ́n bá lórí omi ní ẹnu odò Gabon dé ọ̀dọ̀ dókítà William Hunter ní London. Linnaeus, onímọ̀ ohun alààyè, sọ ọ́ lórúkọ ní 1771: Goliathus goliatus ni à ń pè é báyìí. Glasgow ló wà títí di òní, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunterian. Irú rẹ̀ ń gbé inú igbó Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ilẹ̀ wa tí orúkọ irú wọn rọ̀ mọ́ wà ní London àti Paris, ẹni tó bá fẹ́ fi tiwa wé wọn ní láti wọkọ̀ òfuurufú. Àwòrán tó jẹ́ olóòótọ́ lè dá ìrìn àjò yẹn sí.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní àpótí, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Sàríà, àti èyí tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kó jọ sí Abomey-Calavi ní ilẹ̀ Benin. Mo mọ ibì kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọn kò rí owó ra kánfọ̀, tí àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ òkú kòkòrò sì wọ àpótí títí ó fi ku eruku àti abẹ́rẹ́. Ohun tí a kò yàwòrán rẹ̀ níbẹ̀ kò lè padà wá mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ọ̀kan ní tábìlì fọ́tò kan tí kì í gbọ̀n. Kí ó gba ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn kòkòrò tí ẹyọ kan ṣoṣo kù nínú wọn. Kí ó sì pa fọ́tò ìpìlẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìwé ìdí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń bá mi jà lórí fọ́tò àtòléra, mo pè yín pẹ̀lú: ẹ wá jókòó sí tábìlì náà, ẹ ya tiyín ní títẹ kan, kí a fi wé tiwa níwájú kòkòrò gangan.