Ọ̀rọ̀ Ìyẹ́sí fún Olùkọ́ Eré: Olóyè Adégbóyè Onígbìndé

Ẹ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́. A kò rí ẹni tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ ju Olóyè Festus Adégbóyè Onígbìndé lọ, nítorí pé olùkọ́ bíi tiwa ni wọ́n kí wọ́n tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Modákẹ́kẹ́ ni a gbé bí wọn ní 1938, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n ti kọ́ ẹgbẹ́ Shooting Stars. Àwa tí a máa ń ti Challenge fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá Liberty ní Ring Road, èyí tí a ṣí ní 1960, tí a sì sọ ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010, kò lè gbàgbé ariwo ibẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè dé, ẹ̀yìn ògiri ni yóò ti gbọ́ góòlù!

Ní 1984, wọ́n kó Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan. Àwa ni a kọ́kọ́ gbá a wọlé, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù fi góòlù mẹ́ta borí ẹyọ kan wa. Ṣáájú wọn, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó kó wa dé ibẹ̀ rí. Àlejò ni ó darí wa gba ife ti 1980.

Ní 2002, àwọn náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí wa ní Ife Àgbáyé, ní Jàpáànù àti Kòríà. Wọ́n fi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ajẹntínà nà wá, Sweden nà wá, a sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú wọn. Kí a má purọ́, àwa náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé tí wọ́n fi sójú ilé lọ́jọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí góòlù gbá, Vincent Enyeama, kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Òun ni ó ṣọ́ ilé fún wa tí a fi gba Ife Áfíríkà ní 2013. Ọdún mọ́kànlá! Bẹ́ẹ̀ ni èso iṣẹ́ olùkọ́ ti ń pẹ́ kí ó tó pọ́n, àwọn tí ó bú u á sì ti gbàgbé pé àwọn bú u.

Ta ni ó ń rántí olùkọ́ eré nínú ilé ẹ̀kọ́ wa? Nígbà tí àwa yòókù bá ti lọ jẹun ọ̀sán, fèrè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nínú oòrùn. Owó àpò rẹ̀ ni ó fi ń ra bọ́ọ̀lù nígbà mìíràn. Bí ife bá dé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé e ya fọ́tò. Pápá tí ó sì ń lò, a ń gé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá títì ní Bódìjà àti Agbowó.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹgbẹ́ yìí má ṣe fọwọ́ sí títa pápá ilé ẹ̀kọ́ kankan nílùú wa, kí a sì pe olùkọ́ eré kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sórí pèpéle yìí lọ́dún tí ń bọ̀, kí a da aṣọ òkè bò ó nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Àwa olùkọ́ yóò mú orúkọ mẹ́ta wá fún akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí.