Omi Gbígbóná Tàbí Omi Tútù? Ìtọ́jú Iṣan Lẹ́yìn Iṣẹ́ Agbára

Okun o! Mo kí yín kú àjọ̀dún. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó mú wa rí tòní yóò jẹ́ kí a rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Àmín.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo ní okun tí a fi ń kí ara wa náà ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan ń gbé irin ní Àbújá àti Èkó. Àwọn kan ń kọ ebè nílé níbí. Iṣẹ́ kan náà ni lójú iṣan. Ìbéèrè tí gbogbo wa sì ń bi ara wa ni pé: bí ara bá ń ro wá lẹ́yìn rẹ̀, ṣé omi gbígbóná ni ká lò, àbí omi tútù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó fa ìrora náà. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ wálé ọdún Àjíǹde, ó kọ ebè. Lọ́jọ́ náà, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, ara á wúwo. Lọ́jọ́ kẹta, àtijókòó sórí àpótí á di iṣẹ́. Àwọn fọ́nrán tín-ín-tín inú iṣan ló ya díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá ń rọra sọ ẹrù kalẹ̀ tàbí tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kì í ṣe ásíìdì ló dúró sínú ẹran ara bí àwọn kan ṣe máa ń wí. Láàárín bíi wákàtí kan ni ìyẹn ti ń kúrò. Ẹ̀jẹ̀ á gbé ohun àtúnṣe lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á wú díẹ̀, á sì gbóná. Bí ara bá tún un ṣe tán, á mú un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrora kékeré yẹn, àmì pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ ni.

Òtútù ní tirẹ̀ máa ń fún ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, á sì pa ìrora fúngbà díẹ̀. Ní 1978, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a máa fi ìsinmi àti yìnyín tọ́jú ìfarapa, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì gbà á. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn ọkùnrin kan fi irin kọ́ ẹsẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn kan ń jókòó sínú omi tó tutù tó ìwọ̀n 10 Celsius fún ìṣẹ́jú 10. Àwọn yòókù ń rọra wa kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ wọn, iṣan àwọn olómi tútù kò dàgbà, kò sì lágbára, tó ti àwọn yòókù. Òtútù tó ń pa ìrora ń dí àtúnṣe lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù lónìí tí ẹ tún máa gbá òmíràn lọ́la, omi tútù lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wá okun má sọ ọ́ di àṣà ojoojúmọ́.

Ní ti ooru, àwọn ìyá wa kò ṣìnà. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a fún, tí a fi jó ara, kí a tó fi òrí pa á: ó ń la ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dẹ iṣan tó ti le. Kò ní kí iṣan san lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó lè rìn, ẹ ó sì lè sùn.

Síbẹ̀, ooru ní ìgbà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mi rọ́ rí lórí pápá bọ́ọ̀lù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí wọ́n fi omi gbígbóná wọ́ ọ fún mi dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé kò wọ bàtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro. Ìyẹn kì í ṣe ìrora iṣẹ́, ìfarapa ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú, èmi tún lànà fún un. Oríkèé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, tó ń wú, ẹ má fi ooru kàn án, ẹ má sì wọ́ ọ, fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Omi inú ọ̀rá tó ti dì ni kí ẹ fi aṣọ wé, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ ṣọ́ra fún omi gbígbóná. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná mọ́ lè bó kí ẹ tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìgbọ̀nwọ́ kan omi náà wò fún yín. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coke lẹ́yìn iṣẹ́ àṣejù, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kíndìnrín wà nínú ewu. Àyà tó ń fún pọ̀, tó ń ro dé apá, ẹ má pè é ní ti ebè, ẹ má fi òrí pa á. Ẹ má sì sọ oògùn ìrora di oúnjẹ. Lílo diclofenac tàbí ibuprofen lójoojúmọ́ láìgba ìmọ̀ràn lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun tó ń tún iṣan ṣe gan-an kò sí nínú omi méjèèjì. Oorun ni, àti ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, àti rírìn díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti pé kí a má fi igba ebè bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọdún mẹ́wàá mìíràn ń bọ̀. Àdúrà mi ni pé kí gbogbo wa fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Okun o!