Ẹ̀rọ Àlòkù Tí A Fi Ṣe Àánú

Fóònù mélòó ni ó wà nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́? Rédíò mélòó ni ó wà lábẹ́ ibùsùn, tí bàbá ní òun yóò tún ṣe, tí ọdún mẹ́ta sì ti gorí rẹ̀? A kò fẹ́ sọ wọ́n nù, nítorí owó ni a fi rà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lò wọ́n.

Ní òkè òkun, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan ti mọ bí a ti í sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oxfam wà lára àwọn tí ó ti gba fóònù àlòkù lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ra tuntun a fi ti àtijọ́ tọrẹ. Ẹgbẹ́ náà a tà á fún àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn a pa gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú rẹ̀ rẹ́, wọn a tún un ṣe, wọn a sì tún un tà. Bí ó bá ti kú pátápátá, wọn a tú u, wọn a yọ irin olówó iyebíye tí ó wà nínú rẹ̀. Owó ibẹ̀ ni a fi ń ṣe àánú. Ẹgbẹ́ mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀n, Computer Aid International ni orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gan-an ni òun ń tún ṣe, tí ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Áfíríkà.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó wà nínú fóònù kò tó nǹkan. Láti ọdún 2017 sí 2019, nígbà tí àwọn ará Japan ń múra sílẹ̀ fún ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, wọ́n kó fóònù tí ó ju mílíọ̀nù 6 lọ jọ, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn. Wúrà bíi kílò 32 ni wọ́n rí yọ nínú wọn, fàdákà àti bàbà sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òun ni wọ́n fi ṣe àmì-ẹ̀yẹ bíi 5,000 fún àwọn eléré-ìdárayá.

Ọ̀nà kan náà ni ibi ń gbà wọlé. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. A sì ti fi orúkọ náà jẹ ọkọ̀, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tí Òyìnbó ti lò rí. Ní ọdún 2005, àwọn ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá wo ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Wọ́n ṣírò pé kọ̀ńténà bíi 500 ni ó ń gúnlẹ̀ ní èbúté lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò sọ fún wọn pé nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè tó 75 tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé orúkọ àánú ni wọ́n fi ń bo òmíràn nínú ẹrù wọ̀nyí. Wọ́n ní àwọn ń ran Áfíríkà lọ́wọ́, pàǹtírí wọn ni wọ́n sì ń dà nù.

Mo mọ ilé-ìwé kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí àwọn kan kó kọ̀ǹpútà 12 wá fún láti òkè òkun. Ìlù dún, a ya fọ́tò, ọba ìlú náà sì wá. Nígbà tí àlejò lọ tán, 4 péré ni ó tàn. Mẹ́ta ń bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ìyókù kò tilẹ̀ mí. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí, ibẹ̀ ni ìwé kíkà àwọn ọmọ wà tẹ́lẹ̀. Ìyá ọ̀gá ilé-ìwé kò sì lè kó wọn dànù, nítorí ẹ̀bùn ni. Bí olóore bá padà wá bèèrè ńkọ́?

Níbo ni òkú ẹ̀rọ ń lọ nígbẹ̀yìn? Ààtàn ni. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín rọ́bà tí ń jó yẹn, májèlé ni. Nínú dígí tẹlifíṣọ̀n onídìí-gbàǹgbà ayé àtijọ́, òjé wà. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi òjé ṣeré. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tí ó ti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà jáde pa àwọn ọmọdé bíi 400. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ọmọdé náà ni ó sì ń tètè mú.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, òkú ẹ̀rọ tí gbogbo ayé kó jọ tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62, àti pé èyí tí àkọsílẹ̀ wà pé a tú bí ó ti yẹ kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Nígbà tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ṣe?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ìwé yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó tàn án lójú yín. Ẹ bèèrè wáyà iná rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò kó o lọ nígbà tí ó bá kú. Olóore tòótọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Láti ọdún 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí ó de kíkó òkú ẹ̀rọ wọlé, nítorí náà kì í ṣe àìmoore ni ẹ hù.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, tí ẹ máa ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí jù. Èyí tí ó bá kú lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ti fún ẹgbẹ́ aláàánú tí ń tú u, kí owó rẹ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó fi í sílẹ̀, nítorí àwọn tí ó wá sí Èkó ní 2005 rí ìwé àṣírí àwọn onílé nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà lọ́jà.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá rí bátìrì fóònù tí ó ti wú bí àkàrà, ẹ má gún un, ẹ má fi òkúta lù ú, nítorí ó lè gbiná. Ẹ pe àgbà kan, kí ó gbé e jìnnà sí ibùsùn, kí ó sì fi sí orí iyanrìn títí wọn yóò fi rí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.