ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI OORU NÍNÚ ILÉ WA
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Ẹgbẹ́ ní Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀)

Ìlú tí gbogbo ọmọ Yorùbá gbà pé ibẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá ni a wà yìí. Ó sì tọ́ kí àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ mọ bí a ti í gba ìmọ́lẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ooru ọ̀sán bá a wọlé.

Gíláàsì ní ìwà kan tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa là á kọjá wọ yàrá, a bà lé ilẹ̀, ògiri àti àga, àwọn wọ̀nyí a sì gbóná. Ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n ń tú jáde kì í rí gíláàsì náà là padà. Ẹni tí ó ti ti ọkọ̀ rẹ̀ pa sínú oòrùn rí mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà náà ni a ó ra ẹ̀rọ amúlétutù, a ó ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fún un ní iná, a ó máa ra epo fún jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí a ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, a ó sì tan iná ní agogo méjì ọ̀sán! Ilé ẹni tí ó kàwé jù mí lọ ni mo ti rí èyí.

Àwọn ará òkèèrè ti ń wá gíláàsì tí yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lajú àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dijú. Ní 1969 ni S. K. Deb fi hàn pé tungsten oxide, tí a kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára gíláàsì, a máa di aláwọ̀ aró bí iná mànàmáná díẹ̀ bá kàn án, a sì tún mọ́ gaara bí a bá yí iná náà padà. Ọkọ̀ òfurufú Boeing 787, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2011, kò ní ìbòjú fèrèsé. Bọ́tìnì ni èrò ń tẹ̀ tí fèrèsé fi ń ṣókùnkùn. Irú mìíràn kò fẹ́ iná rárá. F. J. Morin rí i ní 1959 pé ìwà vanadium dioxide a máa yí padà bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 68 ti Celsius: láti ìgbà náà lọ ni í máa dá ooru padà. Ìwọ̀n 68 ga jù fún fèrèsé, nítorí náà ni wọ́n fi ń po tungsten díẹ̀ mọ́ ọn.

Ìmọ̀ ńlá ni, n kò sì fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, gíláàsì tí ó ṣókùnkùn a sì máa gba ooru sí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì tí a kò lè ṣí kì í mú atẹ́gùn wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, atẹ́gùn ni ìdajì ìtura.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtòsí. Ní 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, kó láti Ìbàdàn wá sórí ilẹ̀ wa. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ni ó ya àwòrán ọgbà náà. Ẹ wo àwọn ilé tí a ti ń kọ́ èdè àti ìtàn níbẹ̀: wọ́n dà bí àtẹ̀gùn tí a dojú rẹ̀ dé. Àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń ṣe agboòrùn fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Ìṣirò ni. Oòrùn wa a máa wà ní ọ̀gangan àtàrí ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án. Àní ní Oṣù Kejìlá tí ó lọ sí gúúsù jù lọ, ó ṣì ga tó ìwọ̀n 59 nínú 90 ní ọ̀sán gangan. Oòrùn tí ó ga bẹ́ẹ̀, àjà tí ó yọ síta tó láti dá a dúró, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run yóò sì máa wọlé. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni í fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nítorí náà ni fèrèsé ńlá kò fi yẹ ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Ní Ìbàdàn bákan náà, ní àwọn ọdún 1950, Maxwell Fry àti Jane Drew fi ògiri oníhò bo ojú ilé ìkàwé Yunifásítì, kí atẹ́gùn lè kọjá kí oòrùn má sì ba ìwé jẹ́.

Àwọn bàbá wa kò ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á já. Àkòdì ń gba ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn láti àárín agbo ilé, òrùlé sì wálẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń jókòó sí. Ó ń dùn mí pé a ń wó ìwọ̀nyí, a sì ń fi ilé onígun mẹ́rin aláìlọ́dẹ̀dẹ̀ rọ́pò wọn. N kò ní kí a padà sí ewé gbòdògí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Olóyè, tí àwọn ọmọ ń mú àwòrán ilé wá hàn, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí fèrèsé kọjú sí, àti bí òrùlé ti yọ síta tó, kí ẹ tó súre fún ìpìlẹ̀.

Ilé tí a ti kọ́ tán ńkọ́? Kí onílé so ẹní sí ìta fèrèsé ìwọ̀ oòrùn, kì í ṣe sí inú, nítorí pé kí ooru tó bá aṣọ inú ilé pàdé ni ó ti wọlé. Kí ó gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru sínú yàrá náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó so ẹní, àti fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá mú ìwé náà wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.