Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé lórí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa

 

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ bi mí léèrè pé kí ló dé tí akọ̀wé ń jókòó wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ ojú irin. Òótọ́ ni. Bí mo bá tàn án, n óò jẹ kósé, n óò mu kókó tán kí ó tó jí. Àwọn kan ní kí a tà á, kí a ra tuntun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì tà á.

Díìsìkì inú rẹ̀ ni ó ń fà á sẹ́yìn. Àwo pẹlẹbẹ ni, tí ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, tí apá kékeré kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí yóò kà. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní ohunkóhun tí ń yí. Ohun tí díìsìkì àtijọ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kà, SSD lè kà á ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní oṣù Kejìlá 1991, ọjà Èkó kò bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni: Windows ni ìjọba kọ̀ǹpútà, òun ni kí a kó lọ sórí SSD. Àwòrán àti fídíò lè padà sórí díìsìkì àtijọ́ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí sí kọ̀ǹpútà ara mi nílé. Ó bi mí pé: láti inú èwo, sínú èwo? Mo kánjú, mo yí i po, mo da òfìfo lé ẹ̀kún lórí. Bí àwòrán ìsìnkú ìyá mi ṣe lọ nìyẹn. N kò rí ọ̀kan mọ́ títí di òní.

Ìwé owó oṣù wa àti owó ìsìnkú tí a ń dá fún ara wa wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Nítorí náà:

Èkíní, kí a kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí díìsìkì ìta, kí a sì ṣí i wò bóyá ó pé.

Èkejì, kí a yọ fídíò kúrò, kí ohun tí ó kù má ba à ju àyè SSD lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀, kí iná má lọ mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a sọ fún kọ̀ǹpútà pé SSD ni kí ó máa kọ́kọ́ wò bí a bá tàn án.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má pa ohun tí ó wà lórí díìsìkì àtijọ́ rẹ́ títí oṣù kan yóò fi pé.

Mo bẹ̀bẹ̀ kí ilé fọwọ́ sí owó SSD, kí ẹ sì yan ẹni méjì tì mí, kí wọ́n ka "láti inú èwo, sínú èwo" sókè kí n tó tẹ bọ́tìnì.