Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àyájọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, Creek Road

 

Ẹ rántí pé mo ti ṣọ́ọ̀bù pa fún oṣù mélòó kan. Mo ní mo lọ sí ìlú wa. Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n bá lára mi. Mi ò sọ fún yín, mi ò sì sọ fún àwọn ọmọ mi. Mo rò pé mò ń dáàbò bò wọ́n ni.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, rí báńdéèjì láyà mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bú sẹ́kún: "Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Orí tí mo fi gbá yín láyà nígbà tí mò ń ṣeré ló fa ọgbẹ́ yìí." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń gbé e sọ́kàn! Ẹ̀yin ìyá, ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ, á fúnra rẹ̀ rò ó, èyí tó bá rò a sì burú ju òótọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Mo pè wọ́n jókòó, mo dárúkọ àìsàn náà. Mo ní: kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á. Kì í ràn. Ẹ dì mọ́ mi, ká jọ jẹun. Oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára lè mú kí irun mi re, àmọ́ á tún hù. Mo sọ ẹni tí á máa se oúnjẹ, àti ẹni tí á máa mú wọn kọjá láàárín àwọn tírélà lọ sílé ìwé. Mo lọ bá tíṣà wọn náà.

Àkọ́bí mi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa kú ni?" Mi ò búra. Mo ní, "Dókítà ń tọ́jú mi. Bí nǹkan bá yí padà, ẹnu mi lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́." Mi ò sì sọ ọ́ di ìyá ilé, mo jẹ́ kó máa kàwé, kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ìtìjú kọ́ ni àìsàn yìí. Lọ́dún 1997 ni wọ́n bá a lára Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tó wá di aya gómìnà Oǹdó lọ́dún 2017. Kò fi bò, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn obìnrin lè gbọ́. Láti 2019 sì ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, ẹ má jókòó tì í, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹgbẹ́ wa. Bí ara ọ̀kan nínú wa ò bá yá, ẹ má kàn gbé owó wá. Ẹ béèrè àwọn ọmọ pẹ̀lú: ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀?

 Ọlọ́run á wo gbogbo aláìsàn sàn.